Àwọn Tó Kúnlẹ̀ Nínú Àwòrán Ajẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá ń lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá ọmọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ yọjú wo ohun tó wà lórí tábìlì bàbá náà kó tó wọlé. Alágbàfọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà ló fi tọ́jú ẹ̀wù ara rẹ̀, ohun tí kì í ráyè ṣe nítorí ẹ̀wù àwọn ẹlòmíì. Ó rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, ó sá a, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn ẹ̀wù náà fi le gbagidi, débi pé nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, kò lè wẹ̀yìn mọ́ àfi tó bá yí gbogbo ara. Báyìí ló ṣe wọ ìsọ̀ Baba Káfíńtà, ó ń wo ọ̀ọ́kán, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Baba Káfíńtà gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọn èérún igi kúrò lára ṣòkòtò, ó sì fi pẹ́ńsùlù pè é wá sídìí tábìlì ńlá tó wà láàárín ìsọ̀.

"Máa bọ̀ níbí," ló wí. "Mo ti rí àwọn èèyàn ẹ."

Inú ẹlòmíì ì bá dùn. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí ti há sórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ta ni àwọn èèyàn Alágbàfọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá náà wọ ìlú yìí, tòun ti ọpọ́n ìfọṣọ lórí, kò sì sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ogún tó fi sílẹ̀ ò ju ọpọ́n náà lọ, àti àwọn oníbàárà, àti gbólóhùn kan pé etí ọmọ òun jọ ti bàbá rẹ̀. Etí òsì Alágbàfọ̀ ká lókè, bí igun ojú ìwé tí ẹnìkan ṣẹ́ po tó sì gbàgbé láti tún un ṣe. Tí wọ́n bá ní kó mú ẹbí rẹ̀ wá, etí yẹn nìkan ló rí fi hàn.

Baba Káfíńtà ò kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́, ó fẹ́ràn bí kì í ṣe í pẹ́ dé. "Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló máa ń wí, "ilé náà là ń wò ká tó fọmọ fún ọkọ. Mi ò lè gbé ọmọ mi fún etí kan ṣoṣo." Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n, nítorí pé bí pẹpẹ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má tilẹ̀ ju bí irun orí lọ, yóò mọ̀, yóò sì sọ ọ́, ì báà jẹ́ nílé ẹni tó gbà á lálejò. Bàbá rẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń kun igi ní fáníṣì. Ó ti wo Alágbàfọ̀ látòkè délẹ̀, ó ní ó fì díẹ̀, ó sì ní bó ṣe fì yẹn lòun fẹ́ ẹ.

Àwòrán ló wà lórí tábìlì, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì. Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹni tí ìjọba òkè òkun gbé jókòó lé ìlú náà lórí, ló fi í ránṣẹ́ pé kí Baba Káfíńtà ṣe férémù sí i, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sínú ọ́fíìsì. Ayàwòrán kan tó wá láti ọ̀hún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín, ó lọ parí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú omi sì dá a padà. Ọjọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ gba ìlú ni wọ́n ní kó yà.

Tó bá jẹ́ ti ẹwà ni, àwòrán náà rẹwà. Ajẹ́lẹ̀ dúró lórí òkìtì kan, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ tó dé orúnkún ń dán yinrin, ọwọ́ kan wà ní ìbàdí, ó na èkejì síwájú bí ẹni ń súre. Oòrùn la àárín ìkúukùu, orí rẹ̀ nìkan ló sì rí tàn sí. Níwájú rẹ̀, àwọn àgbààgbà ìlú wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹlòmíì nawọ́ sókè, ẹlòmíì forí balẹ̀, ẹnìkan ń sunkún ayọ̀, ẹnìkan sì gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú dání, kọ́kọ́rọ́ tó tóbi tó ọmọ tuntun. Ẹ má bi mí léèrè kọ́kọ́rọ́. Ìlú náà ò ní odi, ibo ni wọ́n á ti rí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì?

Baba Káfíńtà na pẹ́ńsùlù sí ẹni àkọ́kọ́. "Etí rèé." Ó sún un sí ẹnìkejì. "Òun náà nìyí." Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ka ẹyin sínú agbọ̀n. "Gbogbo wọn ló ká lókè! Mọ́kànlá! Eléyìí tó nírùngbọ̀n, bàbá bàbá ẹ nìyẹn. Eléyìí, bàbá ẹ ni. Àwọn yòókù á jẹ́ àbúrò bàbá ẹ. Mò ń bi ọ́ pé ta ni èèyàn ẹ, o ní o ò mọ̀, wọ́n sì ti mọ̀ wọ́n dé òkè òkun!"

"Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," Baba Káfíńtà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ sì ti ń ga. "Ìdúró làwa àgbààgbà wà. Kò sẹ́ni tó tẹ orúnkún. Ajẹ́lẹ̀ ka ìwé ẹ̀ fún wa, ó ní ìlú ti di tàwọn. A ní a ti gbọ́, a máa rò ó. Òjò bá dé, oníkálùkù fọwọ́ borí, ó di ilé. Mi ò mọ̀ pé nígbà tá a lọ tán, àwọn kan yọ́ padà wá kúnlẹ̀ lẹ́yìn wa! Àwọn èèyàn ẹ ni! Òjò ò tíì dá tán tí wọ́n fi gbé ìlú fún un!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò jọ̀ọ́. Ọ̀sán yìí ni Akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Tí àwòrán yìí bá ti kúrò ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọmọ mi náà kúrò ńlẹ̀. Mi ò ní fọmọ fún ilé akúnlẹ̀."

Ẹ má fi Baba Káfíńtà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun dúró. Ṣùgbọ́n ó ti bá àwòrán yìí gbé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń ṣílẹ̀kùn bá a láàárọ̀, ó ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nírọ̀lẹ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò sì yé kúnlẹ̀. Ohun téèyàn rí lẹ́ẹ̀kan nínú òjò, báwo ló ṣe fẹ́ bá ohun tó ń rí lójoojúmọ́ nínú oòrùn jà?

Alágbàfọ̀ yí gbogbo ara nítorí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì tẹ̀ wo àwòrán náà. Kò rí i rí láyé rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún rí ara rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ tòun ti irùngbọ̀n funfun, ó rí ara rẹ̀ tó pá lórí, ó rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù ńlá tí agbára rẹ̀ ò ká láti rà. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rín sì tún ń gbọ̀n ọ́n nínú, ṣùgbọ́n ojú Baba Káfíńtà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú tí èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí.

"Bàbá," ló wí, "kì í ṣe ẹbí mi. Èmi ni."

"Ìwọ ni èwo?"

"Gbogbo wọn."

Ojú-Ìwọ̀n, tó ń kun igi férémù lẹ́nu ọ̀nà, gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Baba Káfíńtà wo ọmọkùnrin náà pẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọmọ dáadáa ni o," ló wí. "O fẹ́ fi ara ẹ bo àṣírí ilé bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n kò ṣeé bò mọ́."

Alágbàfọ̀ wá ro ẹjọ́ rẹ̀. Ilé tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ni ayàwòrán náà dé sí, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń nu búrọ́ọ̀ṣì sára ṣòkòtò ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ ló ń fọṣọ ilé náà, ìyà ṣòkòtò yẹn sì jẹ ẹ́ púpọ̀. Ayàwòrán ti bẹ àwọn àgbààgbà pé kí wọ́n wá kúnlẹ̀ fún òun kí òun yà wọ́n. Wọ́n bi í léèrè bóyá ohun rẹ̀ kan ló sọ nù sílẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wá. Ní ọjọ́ kan, bọ́tìnnì já bọ́ lára ẹ̀wù tí Alágbàfọ̀ gbé wá, ó yí wọ abẹ́ àga, Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ ó ń fọwọ́ wá a kiri. Ayàwòrán kígbe pé kó má mira. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, tó ń ya Alágbàfọ̀ sórí ìwé pélébé pélébé. Alágbàfọ̀ rò pé iṣẹ́ òun ló wu ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé wọ́n á rí i lókè òkun bí a ṣe ń fọ aṣọ kó mọ́.

"Irọ́ yẹn ti gùn jù," Baba Káfíńtà wí.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó ṣe é ká rí i," Ojú-Ìwọ̀n dá sí i. "Tó bá jẹ́ òun ni, ara ẹ̀ ò ní gbàgbé."

Kò dúró de èsì. Ó da omi inú ọpọ́n tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nù, ó gbé ọpọ́n náà síwájú Alágbàfọ̀, ó fa aṣọ tí wọ́n fi ń bo tábìlì nítorí eruku, ó jù ú sínú rẹ̀.

"Ó yá, máa fọ̀ ọ́."

Alágbàfọ̀ wo ẹ̀wù rẹ̀ tó tìtorí ọjọ́ náà lọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú èérún igi. Ojú kọ́kọ́ ń tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fọṣọ láti kékeré, bí orúnkún rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ níwájú ọpọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kì í bá a jiyàn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀, orí wọlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ wà níta, èjìká ń lọ sókè sódò.

"Dúró bẹ́ẹ̀," Baba Káfíńtà wí.

Ó fi pẹ́ńsùlù wọn èjìká rẹ̀ lókèèrè, ó lọ wọn ti àwòrán. Ẹnì kan wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún tó forí balẹ̀ níwájú Ajẹ́lẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan náà ni, èjìká kan náà. Ọpọ́n nìkan ni ayàwòrán gbé kúrò níwájú rẹ̀.

"Fún aṣọ náà," Ojú-Ìwọ̀n wí.

Alágbàfọ̀ gbé aṣọ náà sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ pọ̀ mọ́ àyà, ó ń fún omi tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ajẹ́lẹ̀, tó di ọwọ́ mọ́ àyà tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni rí olùgbàlà. Aṣọ ló ń fún. Ojú-Ìwọ̀n ní kó sá a, Alágbàfọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń tẹ́ aṣọ sórí okùn, àwọn mẹ́ta tó ń yin ọ̀run lẹ́yìn sì di alágbàfọ̀ lójú Baba Káfíńtà.

"Èyí tó ń sunkún ayọ̀ ńkọ́?" ó bèèrè. Ó ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò gbà, ṣùgbọ́n ó ti fa àga wá.

"Ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú, Bàbá. Mo ní kó jẹ́ kí n fomi ṣan án. Ó ní kí n ní sùúrù díẹ̀."

"Irùngbọ̀n bàbá bàbá ẹ yìí?"

"Ìfófò ọṣẹ ni. Ọjọ́ náà ni mo fọ aṣọ ibùsùn wọn."

"Kọ́kọ́rọ́ ìlú!"

"Áyọ́ọ̀nù ni, Bàbá. Ó gbóná, eérú kún inú ẹ̀, mo wá fọwọ́ méjèèjì gbé e jìnnà sí aṣọ. Mi ò mọ ìgbà tó di kọ́kọ́rọ́."

Baba Káfíńtà dìde, ó rìn yí ọmọkùnrin náà ká. Òun náà máa ń kúnlẹ̀ bó bá ń fá ẹsẹ̀ àga, ó sì ti ń fá a láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó wí rí pé àga lòun ń bọ. "Iṣẹ́ ni!" ló pariwo lójijì. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe! Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan níbí! Háà! Ọkùnrin burúkú yẹn, ó jí ọpọ́n gbé!"

Ara tu Alágbàfọ̀. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó tiẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé Ojú-Ìwọ̀n ti fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe tó bá rí pẹpẹ tí kò gún.

"Ó ku ẹnìkan," ó wí. "Látìgbà tí wọ́n ti gbé àwòrán yìí dé ni ojú ti ń ro mí. Ajẹ́lẹ̀ fì. Mo rò pé ayàwòrán ni kò mọ ìwọ̀n. Bàbá mi, ẹ wo ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ bó ṣe yà síta. Ta ló ń dúró báyìí?"

Baba Káfíńtà wo bàtà Ajẹ́lẹ̀. Ó wá rọra yí ojú sí ẹsẹ̀ Alágbàfọ̀, tó dúró sínú èérún igi, tí ti òsì yà síta gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ sáré fà á wọlé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kó dé etí Akọ̀wé o," ló ń bẹ̀ wọ́n. "Wọ́n á gba aṣọ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, ebi á sì pa mí."

Ohun tó fẹ́ bò ni pé kì í ṣe Ajẹ́lẹ̀ ló dúró fún ayàwòrán. Ajẹ́lẹ̀ kúrú, ó sì sanra. Kò lè dúró pẹ́. Ayàwòrán á ní kó dìde, á dìde, á ní òun ń bọ̀, á lọ jókòó. Bọ́tìnnì ẹ̀wù oyè rẹ̀ ò sì pàdé ihò mọ́ láti ọdún tó ti ra ẹ̀wù náà. "Ẹ̀wù ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni," Alágbàfọ̀ wí. "Ayàwòrán ní kí n wọ̀ ọ́, kí n wọ bàtà náà sí i. Orí nìkan ni Ajẹ́lẹ̀ rí mú wá."

"Ọwọ́ tó fi ń súre yìí?"

"Apá ẹ̀wù náà ni kò tíì gbẹ, Bàbá. Mò ń nà án sóòrùn."

Baba Káfíńtà la ẹnu pé òun fẹ́ sọ nǹkan, ẹ̀rín ló jáde. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó tú u sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O kúnlẹ̀ fún ara ẹ!" ló ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lo gbé ìlú sílẹ̀, ìwọ lo gbà á! Áyọ́ọ̀nù lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́!" Ojú-Ìwọ̀n, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, fara ti ògiri ó ń rọ́jú mí, fáníṣì wà nímú rẹ̀. Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fi já, ó sì wá lè yí ọrùn.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Baba Káfíńtà ò dìde. Ó ń wo àwòrán láti ibi tó jókòó sí.

"Èmi tí mo wà níbẹ̀," ló wí, "mo gba eléyìí gbọ́ ju ojú ara mi lọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá ńkọ́?"

Akọ̀wé ló fèsì, láìmọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú àwọn aláàárù méjì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ọ̀gá gbogbo akọ̀wé ọ́fíìsì, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú. Alágbàfọ̀ ló lọ̀ ọ́. Bó ṣe rí àwòrán ló ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba Káfíńtà. Ẹ ò rí i bó ṣe dára! Lókè òkun, wọ́n tò jáde sójú títì ni kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọlé wò ó. Àwọn tó ń ṣèjọba lọ́hùn-ún ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀, àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n má gba ìlú kankan mọ́. Bí wọ́n ṣe gbé èyí síwájú wọn, iyàn parí. Wọ́n ní ẹ wo omijé ayọ̀ lójú bàbá yẹn. Wọ́n ní kí wọ́n tètè lọ gba àwọn ìlú òdìkejì odò, kó má lọ dà bíi pé wọ́n ń fi ire dù wọ́n. Àwọn ọmọ ogun ti wà lọ́nà."

Inú Alágbàfọ̀ bàjẹ́. Ó mọ àwọn ìlú òdìkejì odò, ibẹ̀ ló ti ń ra ọṣẹ. Ó ro ti aṣọ ọ́fíìsì tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ro ti ebi, ẹnu rẹ̀ sì ti là kó tó rò ó tán.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, omijé kọ́. Ọṣẹ ni. Èmi nìyẹn."

"Ìwọ wo?"

"Alágbàfọ̀ yín. Èmi ni gbogbo wọn. Ẹ wo etí mi." Ó yí etí sí i. Ó tiẹ̀ ṣe bí ẹni ń fún aṣọ.

Akọ̀wé wo etí, ó wo àwòrán, ó sì rẹ́rìn-ín bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. "Àwọn àgbààgbà ìlú nìyí o, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn èèyàn ńlá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi alágbàfọ̀ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀wù mi kejì tó wà lọ́wọ́ ẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ?"

"Akọ̀wé," Baba Káfíńtà dá sí i, "Ajẹ́lẹ̀ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé bó ṣe ga tó nìyí?"

Akọ̀wé tún wo àwòrán náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Bàbá, ká sọ tòótọ́, mo ti rò pé ó kúrú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo rí eléyìí ni mo tó mọ̀ pé mi ò wò ó dáadáa."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ yìí ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ó ti wọ̀ ọ́ bọ̀, ó ní férémù, ó ní fáníṣì. Òtítọ́ dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù tó ti rún, èérún igi wà lórúnkún rẹ̀, wọ́n sì ní kó wá bá wọn gbé ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bá wọn gbé e. Ó wúwo. Òun àti Baba Káfíńtà àti àwọn aláàárù méjèèjì ló jọ gbé e dé orí kẹ̀kẹ́, Akọ̀wé ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú àwọn àgbààgbà.

Kẹ̀kẹ́ náà yí kọ́nà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wọ ìsọ̀, tábìlì ńlá náà sì ṣófo. Baba Káfíńtà mú ìfági rẹ̀, kò fá nǹkan kan, ó tún gbé e sílẹ̀. Alágbàfọ̀ rántí pé àwòrán ti kúrò ńlẹ̀, àti ohun tí bàbá yìí sọ pé yóò bá a kúrò ńlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì yí ọ̀rọ̀ náà padà.

"Bàbá," ló wí, "ẹ ti rí i pé mi ò ní ilé akúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò nílé kankan náà ni. Mọ́kànlá tẹ́ ẹ rí, èmi nìkan ni. Etí kan ṣoṣo ni mo ṣì jẹ́." "Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó kúnlẹ̀. Kò sí ọpọ́n níwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Dìde," Baba Káfíńtà wí.

Alágbàfọ̀ rò pé wọ́n ní kó máa lọ ni. Kò dìde.

"Mo ní kó o dìde. Àwọn àgbààgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní àwọn yà, àbí? Ṣebí èmi náà wà níbẹ̀? Ọ̀kan nínú mọ́kànlá yẹn, èmi ni. Etí ẹ ni wọ́n gbé lé mi lórí. Lókè òkun lọ́hùn-ún, gbogbo ìlú yìí ló ní etí ẹ, títí ayé." Ó wúkọ́, ó ní èérún igi ló bọ́ sí òun lọ́fun. "Mo ti ń bi ọ́ látọjọ́ yìí pé ta ni èèyàn ẹ. Àwa ni. Dìde, ọmọ mi. Ìkúnlẹ̀ tó o ti kúnlẹ̀ fún wa ti tó."

Alágbàfọ̀ dìde. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yà síta bó ṣe máa ń yà, ó rántí, ó sì fẹ́ fà á wọlé. Ojú-Ìwọ̀n ti fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò ó.

"Fi síbẹ̀," ó wí. "Ó gún."